Ohun Tí Òkú Fíríìjì Mẹ́ta Kọ́ Mi ní Kuta

Èyí ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́ tí ẹ gbé fóònù ti ògiri, ẹ̀yin tí ẹ ti ki íyàpíìsì bọ etí níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá ò tíì rí yín, gbogbo yín ni mo kí. Láti Kuta ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ìlú Òwu tó wà nítòsí Ìwó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Fíríìjì la fẹ́ sọ lónìí. A ò sọ bí a ṣe ń rà á o, bí a ṣe ń tún un ṣe la fẹ́ sọ. Ẹ má rò pé oní-fíríìjì ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀, inú ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣe é ní Ìwó. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tàbí Sátidé, ìdí fíríìjì ògbólógbòó ni ẹ máa bá mi. Mi ò ṣe é torí owó. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dùn mọ́ ẹlòmíràn ni èyí ṣe ń dùn mọ́ mi. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni.

Tí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí gbólóhùn kan tí ọ̀gá mi máa ń sọ: "Wọ̀n ọ́n kí o tó sin ín." Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan ti kú, ẹ bi í léèrè pé kí ló fi wọ̀n ọ́n tó fi mọ̀. Ẹ máa rí ìdí tí ìbéèrè yẹn fi ṣe pàtàkì bí a bá ṣe ń lọ.

Àmù ìyá àgbà

Ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí fíríìjì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó ń ṣe òtútù. Rárá o. Ooru ló ń kó. Á kó ooru tó wà nínú, á lọ dà á síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi máa ń gbóná tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ooru inú omi yín àti ọbẹ̀ yín ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn, pẹ̀lú ooru iná tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ rántí àmù tó máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ìyá wa àgbà. Kò sí wáyà lára rẹ̀, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ máa ń tutù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé amọ̀ máa ń jẹ́ kí omi díẹ̀díẹ̀ yọ síta lára ìkòkò. Omi tó yọ yìí á máa di oru lọ. Kí omi tó lè di oru, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà lára nǹkan, ara omi tó kù nínú àmù ló sì ti ń gbà á. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi òwú tó rin sípíríìtì nù yín lápá kó tó gún yín lábẹ́rẹ́, tí ojú ibẹ̀ á tutù wọ̀ọ̀.

Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ìmọ̀ yìí dáadáa. Ó gbé ìkòkò kan sínú ìkòkò kejì, ó kó iyanrìn tí a fi omi rin sí àárín méjèèjì, tòmátò àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ kì í sì tètè bàjẹ́ mọ́. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Rolex fún un ní ọdún 2000.

Iṣẹ́ àmù ni fíríìjì ń ṣe, àfi pé kì í jẹ́ kí oru tirẹ̀ sá lọ. Gáàsì kan ló wà nínú páìpù rẹ̀ tó ń yí po láìdúró. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn gáàsì náà ń jẹ́ R134a. Omi máa ń hó ní 100°C. Èyí máa ń hó ní -26°C. Ẹ ronú sí i wò: inú fírísà yín tó wà ní -18°C, tí ẹran ti le bí òkúta, iná àdògán ló jẹ́ lójú R134a. Bó bá ti débẹ̀ á máa hó, bó bá sì ti ń hó, á máa fa ooru mọ́ra.

Nǹkan dúdú rogodo tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì, tó ń kùn, òun ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Òun ló ń fa oru náà, tó ń fún un pọ̀ títí á fi gbóná gan-an. Oru gbígbóná yìí á gba inú páìpù tó lọ́ káàkiri ẹ̀yìn fíríìjì, á da ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, á wá di omi. Yóò gba inú fíltà kọjá, èyí tó ń mú ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin. Lẹ́yìn náà, á wọ inú páìpù kan tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Nígbà tó bá já síbi gbalasa nínú fírísà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, a tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí gáàsì yìí ń gbà ti mọ ibi tó yẹ kó ti wá àìsàn.

Òkú kìíní: ó kùn, ó dákẹ́

Ẹ máa bi mí pé níbo ni mo ti rí fíríìjì tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù? Ọ̀dọ̀ wọn ni. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá ti rí fíríìjì, kí wọ́n gbé e gba ọ̀dọ̀ mi kó tó dé ibi òṣùwọ̀n irin. Owó irin ni mo ń san, mo sì máa ń fi owó omi tútù lé e.

Ohun méjì ló jẹ́ kí ògbólógbòó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èkíní, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló hàn sójú. Kò sí bọ́ọ̀dù bíi ti kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó ń tàn lójú ilẹ̀kùn. Èkejì, òkú kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn yín á balẹ̀ láti tú u.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ò lè dá a kọ́. Bàbá kan wà ní Ìwó tó ti ń tún fíríìjì ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bàbá yìí ni mo ń pè ní ọ̀gá. Orúkọ tó fún mi ni "Akọ̀wé". Mo máa ń gbé ìbéèrè lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń bá a gbé ẹrù, mo ń bá a di nǹkan mú nígbà tó bá ń jó páìpù. Mo ti ka ìwé, mo ti wo fídíò lórí YouTube títí dáta fi tán, ṣùgbọ́n ohun tí etí ọ̀gá mi ń gbọ́ lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò sí nínú fídíò kankan.

Fíríìjì àkọ́kọ́ jẹ́ onílẹ̀kùn kan. Ẹni tó tà á sọ pé wọ́n ti ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jóná. Tí a bá tan iná sí i, á kùn "ùùùn" bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á dún "kẹ́", á dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti lọ sà."

"Akọ̀wé, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ní ìdérí kékeré kan. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ máa rí irin mẹ́ta tó yọrí bí eyín. Ọ̀kan ń jẹ́ rọ́ọ̀nù, ìyẹn ni ti wáyà tó ń gbé e rìn. Ọ̀kan ń jẹ́ sítáàtì, ìyẹn ni ti wáyà tó ń ta á jí. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ kọ́mọ̀n, tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Mo fi míítà wọn àárín kọ́mọ̀n àti rọ́ọ̀nù: 14 ohm. Àárín kọ́mọ̀n àti sítáàtì: 21. Àárín rọ́ọ̀nù àti sítáàtì: 35. Ẹ ro ó pọ̀ wò. 14 àti 21 jẹ́ 35. Tí èyí tó pọ̀ jù bá jẹ́ àpapọ̀ méjì yòókù, wáyà inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò tíì já. Mo tún wọn irin kọ̀ọ̀kan mọ́ ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ níbi tí mo ti ha ọ̀dà kúrò. Míítà kò sọ̀rọ̀, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn.

Ó wá ku rílé, nǹkan pélébé kan tó máa ń fún sítáàtì ní iná fún ìṣẹ́jú àáyá péré, tí á sì gé e. Mo yọ ọ́, mo mì í létí. Ó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Òkúta kékeré inú rẹ̀ ti fọ́. Kò sí ohun tó ń ta kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jí, ló ṣe ń kùn lásán tí gbígbóná fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Owó rílé tuntun kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ. Kí n tó jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn, yìnyín ti ń ta lára fírísà. Fíríìjì náà ṣì ń mú omi tutù nílé wa bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gba ẹ̀bùn kan níbí, ẹ̀yin tí ẹ kò ní fọwọ́ kan sípánà láyé yín. Tí iná bá lọ tó sì dé padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má tan fíríìjì lójú kan náà. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí iná lọ, gáàsì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀. Tí ẹ bá tan án, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí ogún èèyàn fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí gáàsì náà ṣàn padà ná. Ìdí nìyẹn tí sítábílásà tó dára fi máa ń ka ìṣẹ́jú kó tó gbé iná jáde.

Òkú kejì: ọ̀bẹ ló pa á

Èkejì yàtọ̀. Òun ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, síbẹ̀ kò mú nǹkan tutù. Mo wọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, kò sí àbùkù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré tí kò sì rí ẹrù gbé, ẹ wo ẹrù náà: gáàsì ti jò lọ.

Ibi tí gáàsì bá ti jò máa ń ní òróró díẹ̀ lára, torí òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn. Mo fọwọ́ pa ara fírísà inú rẹ̀ káàkiri, mo bá ojú kan tó ń yọ̀. Ọ̀gá mi gbé gáàsì nitrogen wá, ó fi sínú páìpù, èmi sì fi kànrìnkàn da hóró ọṣẹ sójú ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó wínníwínní. Ihò náà kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ìlà tó rí gbọọrọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo yín ti mọ ohun tó fa ìlà yẹn. Yìnyín ti gan ẹran mọ́ fírísà, ẹnìkan sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín. Ẹ pa fíríìjì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀, ẹ ní sùúrù. Alumíníọ̀mù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ibẹ̀, gáàsì ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná tí a fi ń jó páìpù bàbà pọ̀ kò ṣeé lò níbẹ̀, torí ní 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́, nígbà tí bàbà ń fara dà á kọjá 1,000°C. Gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ ni ọ̀gá mi fi dí i.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí kì í jẹ́ kí àtúnṣe ọ̀pọ̀ èèyàn pẹ́. Kí ọ̀gá mi tó da gáàsì tuntun sí i, ó pààrọ̀ fíltà, ó sì fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún àkókò gígùn. Mo bi í pé kí ló dé tí a ń pẹ́ báyìí. Ó ní, "Akọ̀wé, afẹ́fẹ́ ní omi nínú. Ẹ̀kán omi kan péré á di yìnyín lẹ́nu páìpù tín-ín-rín yẹn, á sì dí i pa." Ẹ ò rí i pé omi tí kò tó kún etí ṣíbí lè da iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ ewu kan rèé fún ẹ̀yin tó bá wù láti gbìyànjú. Nitrogen ni a ń lò láti fi wá ibi tó ń jò. Ẹ kò gbọ́dọ̀ lo oxygen tí àwọn wẹ́dà ń lò. Oxygen tó bá pàdé òróró nínú páìpù lábẹ́ agbára lè bú gbàmù. Iṣẹ́ yìí ti kúrò ní eré ọwọ́dilẹ̀. Ẹ wá ọ̀gá.

Òkú kẹta àti agbòòrùn ayé

Ẹ̀kẹta ló dàgbà jù. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, irin kan bá ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, míítà pariwo "pííì". Wáyà inú rẹ̀ ti jó kan irin. Èyí kú lóòótọ́, a sì ti wọ̀n ọ́n ká tó sọ bẹ́ẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ ti jò lọ tipẹ́, nítorí náà mo fi ayùn irin là á. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú rẹ̀: mọ́tò kan tí sípíríngì gbé ró, òróró tó ti dúdú bí ọṣẹ dúdú, àti písítìnì kan tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Písítìnì kékeré yẹn máa ń lọ tó sì ń bọ̀ ní bí ìgbà 2,900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò iye ọdún tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ R12 síbẹ̀. Ìtàn wà níbẹ̀. Nígbà tí fíríìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, májèlé ni gáàsì tí wọ́n ń lò, bíi ammonia àti sulphur dioxide. Tó bá jò lóru, ó lè pa ará ilé. Ní 1928, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe oríṣi gáàsì mìíràn tí kì í jóná, tí kì í sì í pani. Ní 1930, Midgley fà á símú níwájú àwọn onímọ̀, ó sì fi èémí náà fẹ́ àbẹ́là pa. Gbogbo ayé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Inú ẹbí yẹn ni R12 ti wá.

Ní 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ ọ́ jáde pé gáàsì tí kì í bàjẹ́ yìí ń gòkè lọ títí dé òkè réré, níbi tí oòrùn ti ń fọ́ ọ, tí chlorine inú rẹ̀ sì ń jẹ ozone. Ozone yìí ni agbòòrùn ayé. Òun ló ń dí oòrùn olóró tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un pẹ̀lú Paul Crutzen ní 1995. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dá irú gáàsì bẹ́ẹ̀ dúró. Nàìjíríà dara pọ̀ ní 1988. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí kò sí nínú àdéhùn náà, ozone sì ti ń padà bọ̀ sípò. Ìdí kan nìyí tí fíríìjì tòkunbọ̀ fi wà lára ohun tí ìjọba wa kà léèwọ̀ láti kó wọlé.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn fíríìjì ní Kuta wà nínú ọ̀rọ̀ ayé. Tí ẹ bá rí R12 tó ṣì ní gáàsì nínú, ẹ má gé páìpù rẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó fẹ́ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń fà á sínú sìlíńdà ni kó ṣe é.

Àwọn fíríìjì tuntun ńkọ́? R600a ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kò ba ozone jẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá gáàsì inú láítà ni. Iná lè ràn mọ́ ọn. Ẹ wo ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: tí ẹ bá rí àwòrán iná lórí bébà aláwọ̀ ìyeyè, ẹ má sún iná mọ́ páìpù yẹn. Gáàsì tó wà nínú rẹ̀ kì í pọ̀, òṣùwọ̀n ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n sí i ní gíráàmù. A kì í fojú díwọ̀n ọn.

Fírísà ìyá ẹlẹ́ja

Ibi tí gbogbo eré yìí ti di ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta òkú Èkó, Titus àti kọ̀tẹ̀. Fírísà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń dákẹ́. Wọ́n sọ fún un pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti lọ, kó lọ wá owó tuntun. Páálí ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀, yìnyín sì ti ń yọ́. Ó ti ń múra láti yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn nígbà tí ẹnìkan sọ fún un pé èmi máa ń fi fíríìjì ṣeré.

Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Mo ní, "Ẹ̀yin Mà, ẹ má bínú, mi ò kì í ṣe oní-fíríìjì o. Mi ò ní gé nǹkan kan. Màá kàn wọ̀n ọ́n ni." Ó ní, "Ọmọ mi, wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n kì í tún burú ju èyí tó wà nílẹ̀ yìí lọ."

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kó ẹja náà lọ sínú fírísà ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ lè dúró di ọ̀la, ẹja kò lè dúró. Lẹ́yìn náà mo wọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ìṣirò pé. Mo mi rílé, kò dún. Mo wá béèrè ibi tí iná ti ń wá. Ó na ọwọ́: wáyà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kọjá láti ilé kejì.

Mo wọn iná níbi tí wáyà náà ti bẹ̀rẹ̀: 214 fóltì. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́nu rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láìtíì tan fírísà: 208. Mo ní kí wọ́n tan fírísà. Míítà já lulẹ̀ sí 147, fírísà kùn, ó dún "kẹ́". Àìsàn náà fojú hàn. Nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá fẹ́ ta jí, iná tó ń bèèrè máa ń ju ti ìgbà tó ń rìn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Wáyà tó gùn tó sì tín-ín-rín kò lè gbé e. Ojú ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́ tán. Ara fírísà le, wáyà ló ń ṣàìsàn.

Ẹ ronú lórí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ìyá náà ì bá yáwó, ì bá ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun, wáyà yẹn kan náà ì bá sì tún pa á. Ọ̀gá mi mú oníná kan wá láàárọ̀ Sátidé, wọ́n fi wáyà tó nípọn fà á tààrà. Kó tó di Mọ́ńdè, ẹja ti padà sílé.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí bú àwọn oní-fíríìjì wa. Mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, mo ti rí i. Oníbàárà máa ń sanwó pátì tuntun láìjanpata. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó sanwó àyẹ̀wò, á ní, "Kí lẹ ṣe gan-an? Ẹ kò ṣáà pààrọ̀ nǹkan kan." Tí a kò bá sanwó fún ẹni tó wọn nǹkan, ẹni tó ń pààrọ̀ nǹkan la máa rí. Àwa náà la ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó àyẹ̀wò, kódà nígbà tí èsì bá jẹ́ pé kò sí nǹkan tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Tó bá wù yín, ẹ má kọ́kọ́ ra irin iṣẹ́ rẹpẹtẹ. Míítà kan, súkúrú-dúráífà méjì, sípánà, tẹ́mómítà tí ẹ lè fi sínú fírísà, àti ìwé kékeré tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ bá wọ̀n sí. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ wọn fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ aláìsàn tí ẹ kò bá mọ bí ara líle ṣe rí?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tí kò lọ yunifásítì kò lè mọ ọ̀rọ̀ òtútù. Frederick McKinley Jones, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Cincinnati ní 1893, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ síléèwé. Ìdí mọ́tò ni ó ti kọ́ iṣẹ́, ó sì ń fi ìwé kíkà kún un. Òun ló ṣe ẹ̀rọ amúnǹkantutù tó ṣeé gbé sórí ọkọ̀ akẹ́rù, òun àti Joseph Numero sì dá iléeṣẹ́ tó wá di Thermo King sílẹ̀ ní 1938. Oúnjẹ tútù tó ń rìnrìn àjò lórí títì kárí ayé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1991, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì-ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ga jù dá a lọ́lá.

Ẹ mọ ibi tí ọwọ́ yín mọ o. Ẹ lè wọn nǹkan, ẹ lè pààrọ̀ rílé, ẹ lè nu ẹ̀yìn fíríìjì kí ooru lè ráyè jáde. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ páìpù gígé àti gáàsì, ẹ pe ẹni tó fi ṣe iṣẹ́, ẹ dúró tì í, ẹ bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín fún ọ̀sẹ̀ yìí rèé: ẹ lọ wo bébà tó wà lẹ́yìn fíríìjì yín, ẹ wá irú gáàsì tó wà nínú rẹ̀, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa nínú fóìsì nóòtì. Ẹni tó bá bá R12, kó jọ̀ọ́ sọ fún wa iye ọdún tí fíríìjì náà ti lò nínú ilé. Màá ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sin ín. Ó dàbọ̀ o.